Àtàǹpàkò Ìyá Alágbòòrùn

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kò ní rí mi mọ́ ní ìgboro Kùmásì. Adájọ́ ti ní ibi tí mo wà yìí ni n óò wà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Láyé àtijọ́, okùn ni wọn ì bá fi sí mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìjọba ti yí òfin náà padà, wọ́n sì fi ìyókù ọjọ́ ayé mi sílẹ̀ fún mi kí n máa wò ó. Fèrèsé kan wà lókè yàrá tí a ń sùn. Bí oòrùn bá yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri díẹ̀díẹ̀, á dé ibi ẹsẹ̀ mi, á kọjá sára ẹlòmíràn, á sì lọ. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì.

Láìpẹ́ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìdìbò wá síbí. Òfin Gánà gba ẹlẹ́wọ̀n láyè láti dìbò, nítorí náà wọ́n gbé fóònù ńlá pẹlẹbẹ kan wá láti fi orúkọ wa sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní káàdì kankan lọ́wọ́, àwọn méjì tó ti forúkọ sílẹ̀ rí gbọ́dọ̀ dúró fún un, kí wọ́n fi àtàǹpàkò wọn tẹ ojú fóònù náà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tí a ń pè ní Adwoa, tí ẹní rẹ̀ kángun sí tèmi, tọ̀ mí wá, ó ní kí n dúró fún òun. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú ìró, mo sì kọjú sí ògiri. Ó rò pé ìgbéraga ni. Kò mọ̀ pé nítorí àtàǹpàkò kan ni mo ṣe wà níbí.

Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kùmásì, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá wa ti wá, ṣùgbọ́n èmi kò dé ibẹ̀ rí. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi sì bá ọjà lọ sí Tamale, ó fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà. Mi ò kàwé jìnnà. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, Àfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka Yorùbá tí a sì ń kọ ọ́. Òun ni mo fi ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Twi ni mo fi ń lá àlá.

Ojú máa ń tì mí. Bí àlejò bá wọ àgbàlá wa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń wá mi. Bí ènìyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò lè wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ làálì fi bá mi lára mu. Èmi ni mo máa ń lé làálì fún àwọn ìyàwó ní Zongo wa àti ní Asawase. A ó lọ ewé rẹ̀ kúnná, a ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, a ó tò ó sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, a ó fi ọ̀rá wé e, ìyàwó á sì jókòó jẹ́ẹ́ títí làálì náà yóò fi mú. Ìyá àgbà ló kọ́ mi. Ó máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó gbóná ló ń pe làálì, pé bí ọwọ́ ìyàwó bá tutù, kí n fi ọwọ́ tèmi dì í mú. Mo ti di ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàwó mú bẹ́ẹ̀, tí mo ń fojú inú wo ọjọ́ tí ẹnìkan yóò di tèmi mú.

Gbogbo Zongo ló ń pe ìyá àgbà ní Ìyá Alágbòòrùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe gba orúkọ náà. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò ṣì jẹ́ ti orí ìlà, àwọn ènìyàn á tò lọ bí ìrù ejò níwájú ilé ìwé. Bó bá kan ọmọ Zongo, wọ́n á wo fìlà rẹ̀, wọ́n á gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n á ní àjèjì ni. Ìyá àgbà á ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ agbòòrùn dúdú rẹ̀ láti àárọ̀. Òṣìṣẹ́ á bi í bóyá ó mọ ẹni yìí. Á ní, "Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Mo mọ ibi tí wọ́n bo ìwọ́ rẹ̀ mọ́." Bó bá sì jẹ́ ẹni tí kò mọ̀, kò ní sọ ohun kankan. Á kàn pa agbòòrùn rẹ̀ dé, á sì gba ilé lọ. Gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí èmi náà tó ọjọ́ orí ìdìbò, abẹ́ agbòòrùn yẹn ni mo dúró sí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ìdúró-fún-ni jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré, ìjọba kan ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Gánà. Àwọn ènìyàn wa gbé ẹrù sórí, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ọlọ́pàá ti di ọwọ́ ìyá àgbà mú ní ọjà nígbà tí obìnrin Àṣáńtì kan tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde. Máàmè Akua ni orúkọ rẹ̀. Ó gba ọwọ́ kejì mú, ó ní, "Menim no." Èyí ni pé, mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ọmọ àbúrò òun ni. Ọlọ́pàá wo àwọn méjèèjì, ó sì fi ìyá àgbà sílẹ̀. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin yẹn ni ilé tí òun ń gbé láti ọjọ́ náà.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ mi ṣẹlẹ̀ ni wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ orí fóònù dé. Wọ́n ní kí gbogbo Gánà tó bẹ̀rẹ̀, ẹkùn Àṣáńtì ni wọn yóò fi dán an wò. Ọkọ̀ ńlá kan ń yí Zongo ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń sọ ọ́ ní Twi, ó ń sọ ọ́ ní Hausa, pé kò sí ìlà mọ́, kò sí oòrùn mọ́, pé ènìyàn lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó forúkọ sílẹ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pe orúkọ sókè, kí ẹni tó bá ní àtakò wá sọ ọ́. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn. Àwọn bàbá tó ń jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí ní báwo ni fóònù ṣe máa mọ ọmọ onílé. Ọ̀kan nínú wọn fi ìyá àgbà ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìyá, agbòòrùn yín ti di ti òjò lásán."

Ìyá àgbà ní, "Òjò náà ò tíì dá."

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó bi mí pé bó bá jẹ́ inú yàrá ni ènìyàn yóò ti máa jẹ́rìí, ta ni yóò máa wo ojú ẹlẹ́rìí. Inú èmi dùn sí fóònù náà, nítorí pé kì í wò mí lójú. Àwọn obìnrin àgbàlá wa ń gbé tiwọn wá kí n bá wọn ṣe é, mo ń ya àwòrán wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń súre fún mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, wọ́n ń pe orúkọ mi ní àgbàlá, mi ò sì sá.

Fóònù tí mo ń lò ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Rájí. Ojú fóònù náà fọ́, mo gbé e lọ sí ọjà Krofrom, níbi tí Rájí, ọkùnrin kan láti Ìlọrin, ti ń tún fóònù ṣe. Kò pẹ́ tó dé Kùmásì. Mo jókòó, mo ń wò bó ṣe ń fi irin tín-ínrín kó àwọn ẹ̀yà inú fóònù jáde tó sì ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun.

Ó rí làálì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ onílàálì, kí lò ń wò?"

Mo ní, "Ọwọ́ yín."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kì í gbọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì gba owó iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni àlá ojú ọ̀sán ti wọ̀ mí lára. Mo lè máa lọ làálì kí n máà mọ̀ pé ó ti kúnná. Mò ń rí yàrá kan ní Asawase, aṣọ fèrèsé rẹ̀ jẹ́ búlúù, afẹ́fẹ́ ń gbé e wọlé, ó ń gbé e jáde, ẹnìkan sì ń pè mí láti ìta ní ohùn tó rọ̀. Bí mo bá ń lé làálì fún ìyàwó, ọwọ́ ara mi ni mò ń rí.

Rájí sọ fún mi pé òun fẹ́ wá tọrọ mi. Ó ní ohun kan ló dí òun lọ́wọ́. Kò ní káàdì. Láìsí káàdì ìdìbò, kò lè gba ìsọ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kò lè ṣe ìwé kankan, bí ọlọ́pàá bá sì dá a dúró lójú ọ̀nà, kò ní ohun tí yóò fi hàn. Ó ní bàbá wo ni yóò fọmọ fún ẹni tí ìjọba kò mọ̀. Mo ní èmi yóò dúró fún un. Ó ní ẹni kan ṣẹ́kù.

Mo mú un lọ bá ìyá àgbà. Ó gbà á dáadáa, ó fún un ní omi, ó fún un ní ẹ̀pà. Ó bi í léèrè ilé wọn ní Ìlọrin. Rájí dárúkọ ilé kan. Ìyá àgbà bi í ní orúkọ ẹni tó ń ṣe ìmáàmù níbẹ̀. Rájí rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti pẹ́ kúrò nílé. Ìyá àgbà kò kọ̀ fún un. Ó ní kó jẹ́ kí òun ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Kùmásì, kí wọ́n bá òun wádìí, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni. Ó ní, "Bí mo bá ti mọ ilé yín, n óò dúró fún ọ, n óò sì fọmọ fún ọ."

Rájí dúpẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Bí mo bá gba ọjà Krofrom kọjá, á tẹ orí mọ́ iṣẹ́. Mo rò pé ojú ń tì í bí ó ti ń ti èmi náà.

Ẹ wá wo bí ìdẹwò ṣe kéré tó. Ó jẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn àìlà, ìrun ọ̀sán. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku funfun wà lójú ọ̀run, ohun gbogbo rí bí ẹni pé a ń wò ó láti inú omi. Ìyá àgbà ní kí n lé làálì sí ìka òun. Kí n tó pò ó tán, oorun ti gbé e lọ lórí ẹní lábẹ́ máńgòrò. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà sí mi. Fóònù wà lórí itan mi, orúkọ Rájí sì wà lójú rẹ̀. Àtàǹpàkò mi ti wà níbẹ̀. Ti ẹnìkejì ló kù.

Mo gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé e. Fóònù kọ̀ ọ́, nítorí ọwọ́ àgbà ti fẹ́lẹ́. Mo mí sí i kó gbóná, bí mo ti ń ṣe fún ọwọ́ ìyàwó. Mo tún gbé e lé e. Fóònù tàn, ó ní àwọ̀ ewé, ó ti gbà á.

Ìyá àgbà kò la ojú. Ó ní, "O ti ṣe tán?"

Mo ní, "Ó ku díẹ̀, Ìyá."

Mo wá tò làálì sí àtàǹpàkò náà, mo wé e. Nígbà tí mo tú u, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà sì yìn mí.

Rájí padà wá. Ó di ọwọ́ mi mú ní ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó ní bí káàdì bá ti jáde, a ó so yìgì. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni mo gbádùn jù láyé mi. Mi ò lè parọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbohùngbohùn padà dé láti pe orúkọ. Ìyá àgbà ń gbọn ẹ̀pà ní àgbàlá. Wọ́n pe orúkọ Rájí, wọ́n pe èmi àti ìyá àgbà pé àwa la dúró fún un. Àtẹ ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kéde pé ní Ọjọ́bọ̀ àwọn yóò jókòó ní ilé kéwú láti àárọ̀ di àìlà, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó wá.

Ó pè mí wọ yàrá. Kò pariwo. Ó ní, "Àtàǹpàkò mi, ọwọ́ ta ló wà?"

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀, ìyá mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn sùn ni."

"Ẹni tó sùn ti ń jẹ́rìí báyìí. Ayé ti dára."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Máàmè Akua ńkọ́? Ṣé ọmọ àbúrò rẹ̀ ni yín lóòótọ́? Ó parọ́ fún yín, òun lẹ fi wà ní Gánà."

Ó jókòó sí etí ibùsùn. Ó ní, "Ó parọ́ nípa ẹ̀jẹ̀. Kò parọ́ pé òun mọ̀ mí. Ọmọ mi àkọ́bí kú, òun ló bá mi wẹ̀ ẹ́. Ìwọ, yàtọ̀ sí ọwọ́ ọkùnrin yìí, kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

Ó wá ní òun yóò lọ sí ilé kéwú ní Ọjọ́bọ̀, òun yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Má bẹ̀rù. Èmi ni n óò bá ọ bẹ̀ wọ́n. Arúgbó ni mí, wọ́n á gbà fún mi. Ìwọ náà á kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wà á ní o ṣe àṣìṣe."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló dẹ́rù bà mí ju ẹ̀wọ̀n lọ. Kí n dúró níwájú gbogbo Zongo. Kí gbogbo ojú wà lára mi, àwọn ìyàwó tí mo lé làálì fún, àwọn ìyá wọn, àwọn bàbá iwájú mọ́ṣáláṣí. Mo lọ sọ fún Rájí. Ó ń tú fóònù kan lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, arúgbó kì í sùn ni? Bó bá sùn di àìlà ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti parí." Ó rẹ́rìn-ín, ó mú irin rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, èmi ni.

Mo ra oògùn oorun lọ́wọ́ olóògùn kan. Ó bi mí ta ni yóò lò ó. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n má lo ju ẹyọ kan, kí n má sì fún àgbàlagbà lò. Mo gbọ́ ọ. Nílé ẹjọ́, ó wá sọ pé òun kìlọ̀ fún mi, òótọ́ ló sì sọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá àgbà wọ aṣọ ìmúròde rẹ̀, ó gbé agbòòrùn ti ẹnu ọ̀nà. Mo gbé kókò, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, àti kóòsé, àkàrà ẹ̀wà, fún un. Ẹyọ kan ni mo fi sínú kókò náà. Ó mu ún, ó ní ó korò díẹ̀. Mo ní atalẹ̀ ni. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó ń sọ bí òun ṣe bá ìyá mi ra bàtà ìtúnu ààwẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé, bí ìyá mi ṣe gbé e sùn. Ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Ní ìta, ní ilé kéwú, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń to àga. Ó na ọwọ́ sí agbòòrùn. Mo ní, "Ẹ mu díẹ̀ sí i kí ẹ tó lọ, Ìyá, oòrùn ń mú." Mo bu kókò kejì. Mo da gbogbo oògùn tó kù sínú rẹ̀.

Ó mu ún nítorí pé èmi ni mo gbé e fún un.

Oorun gbé e díẹ̀díẹ̀, ó fi èjìká ti ògiri, mo bá a tẹ́ ara sílẹ̀. Kó má bàa dìde bó bá jí, mo gbé làálì, mo tò ó sí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nítorí ti àtẹ̀yìnwá ti ṣí kúrò lára wọn, mo fi ọ̀rá wé wọn. Àwọn ọmọ kéwú ń ké suratu lọ́nà jíjìn, ohùn wọn ń lọ, ó ń bọ̀ bí aṣọ fèrèsé búlúù yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ń jó lórí ẹní láti inú ewé máńgòrò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rí Rájí ní ẹnu ọ̀nà Asawase, ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ agbòòrùn kan. N kò mọ ìgbà tí èmi náà sùn.

Ìpè àìlà ló jí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kó àga. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ wọn ń lọ. Mo yọ̀. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ti sọ ọ́: inú mi dùn.

Mo wá tú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ kí n tó jí i. Mo fọ làálì náà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ funfun. Ó rí bí èèpo ẹ̀pà, kò pọ́n rárá. Mo tú ìka kejì, bákan náà. Gbogbo làálì tí mo ti lé láyé mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ tí mo dì mú ti tutù, pé ọwọ́ tèmi nìkan ló ti ń gbóná láti àárọ̀.

Mo sunkún, àgbàlá pé lé mi lórí. Mo sọ fún wọn pé ó jẹun, pé ó bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi tú làálì rẹ̀, pé ó wá sùn, kò jí mọ́. Wọ́n ní ikú ire ni, ikú olóore. Hájíà Mẹ̀múnà tó máa ń wẹ òkú obìnrin ní Zongo wọlé pẹ̀lú omi. Kò pẹ́ tó pè mí. Ó ti gbé ọwọ́ ìyá àgbà sórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà wo lo lé èyí?"

Mo ní, "Ní àárọ̀."

"Ó sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ títí o fi tú u?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Hájíà."

Ó fi ìka ra ìka òkú náà. Ó ní, "Ìwọ lo lé làálì fún ọmọ mi nígbà ìyàwó rẹ̀, ó pọ́n títí oṣù fi lé. Ọwọ́ yìí kò gbọ́ làálì rẹ, ọmọ mi. Kí lo fún un?"

Mo gbójú sókè, mo wo ojú rẹ̀. Mi ò rò pé mo ti wo ojú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, níwájú omi òkú, níwájú àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìtìjú tí mo sá fún dúró dè mí níbẹ̀, ó sì ti dàgbà.

Nílé ẹjọ́, wọ́n pe Rájí. Agbẹjọ́rò bi í bóyá ó mọ obìnrin tó dúró yìí. Mo gbé ojú kúrò ní ọwọ́ rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Ojú àlejò ni. Ó ní, "Ó máa ń gbé fóònù wá kí n tún un ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n." Mo gbọ́ pé lẹ́yìn ìyà díẹ̀ wọ́n dá a padà sí ìlú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá Ìlọrin ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kò bí mi nínú mọ́. Òun ni ìyá àgbà ì bá lọ sọ ní ilé kéwú, ká ní mo jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń rìn káàkiri Kùmásì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ má rò pé ohun ńlá ló ń mú ènìyàn dé ibí. Èyí tó mú mi wá kò wúwo ju ọwọ́ arúgbó tó ń sùn lọ. Bó bá jẹ́ pé mo jí i lọ́jọ́ yẹn, kí n ní, "Ìyá, mo fẹ́ tẹ ọwọ́ yín," ì bá bá mi wí, n óò sunkún, a ó sì jẹun alẹ́. Ìwọ ọmọbìnrin tí ojú ń tì bíi tèmi, jẹ́ kó tì ọ́ ní kékeré, níwájú ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Má fi í pamọ́ títí yóò fi wá ẹ̀mí ènìyàn jẹ.

Ní àárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò yóò padà wá. Mo pe Adwoa. Mo ní kó jókòó sórí ẹní mi, kó sọ ilé tí wọ́n bí i sí fún mi, kó sọ orúkọ ìyá rẹ̀, kó sọ ohun tó mú un dé ibí. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó fẹ́ bínú. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ bí mo ti ń kọ ìlà yìí, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ti dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tó láti tẹ ọwọ́ mi fún un. Bí wọ́n bá dé kí n tó mọ̀ ọ́n, n óò sọ bẹ́ẹ̀ fún un, n óò sì pa ọwọ́ mi dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, ẹ ní àkókò jù mí lọ. Ẹ jókòó ti ara yín kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ara yín.